Kí Ni -c Ń Kà Gan-an?

Ọ̀rọ̀ kọ̀ǹpútà ni mo gbé wá lónìí, àmọ́ ọ̀rọ̀ Yorùbá ló wà nínú rẹ̀, nítorí náà ẹ má tíì sá lọ.

Bí ẹ bá ní kọ̀ǹpútà tó ń lo Linux, tàbí tí ọ̀rẹ́ yín kan ní in, ẹ ṣí tẹ́mínà, ibi tí a ti ń fi ọwọ́ tẹ àṣẹ fún ẹ̀rọ, kí ẹ tẹ ìlà méjì yìí:

printf 'Ìkòròdú' | wc -c
printf 'Ẹ̀pẹ́' | wc -c

Bó bá jẹ́ kíbọọ̀dù Yorùbá tó wọ́pọ̀ ni ẹ lò, 11 ni yóò jáde fún Ìkòròdú. Fún Ẹ̀pẹ́ náà, 11. Ìlú tí orúkọ rẹ̀ ní lẹ́tà méje àti ìlú tí orúkọ rẹ̀ ní mẹ́ta péré wá gùn bákan náà. Ọmọ jẹ́lé-ó-sinmi pàápàá yóò sọ fún yín pé kò rí bẹ́ẹ̀.

Irinṣẹ́ tí ń jẹ́ wc yìí kì í ṣe ọmọ àná. Ó ti wà nínú Unix láti 1971, iṣẹ́ rẹ̀ kò sì ju pé kó ka ohun tó wà nínú fáìlì lọ. Ohun tí a kọ lẹ́yìn orúkọ rẹ̀, ìyẹn -c, ni wọ́n ń pè ní option. Èmi á máa pè é ní àṣàyàn, torí òun ni a fi ń sọ fún irinṣẹ́ pé irú iṣẹ́ báyìí la fẹ́, kì í ṣe irú tọ̀hún. Wàhálà ibẹ̀ ni pé báìtì ni -c ń kà. Báìtì ni ìwọ̀n ààyè tí kọ̀ǹpútà fi ń tọ́jú nǹkan. Nínú UTF-8, ọ̀nà ìkọ̀wé tí Ken Thompson àti Rob Pike gbé kalẹ̀ ní 1992, tí ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà ń lò lónìí, lẹ́tà k gba báìtì kan, ò gba méjì, ẹ gba mẹ́ta. Unicode kò sì ní nọ́ńbà kan ṣoṣo fún ẹ̀ tàbí ẹ́. Àmì ohùn orí rẹ̀ ní nọ́ńbà tirẹ̀ lọ́tọ̀, ó sì ń gba báìtì méjì. Ẹ ro ó pọ̀: Ẹ̀ jẹ́ márùn-ún, p jẹ́ kan, ẹ́ jẹ́ márùn-ún. Ó di mọ́kànlá.

Bí ẹ bá fi -m rọ́pò -c, Ìkòròdú yóò di 7, Ẹ̀pẹ́ yóò di 5. Ìkòròdú ti bọ́ sí i. Ẹ̀pẹ́ kò tíì bọ́ sí i, torí àmì ohùn méjèèjì ṣì ń jẹ orúkọ tiwọn. Bí ẹni tó tẹ̀ ẹ́ bá lo kíbọọ̀dù mìíràn tó ya àmì abẹ́ lẹ́tà sọ́tọ̀ pẹ̀lú, 5 yẹn yóò di 7. Bí ètò èdè inú kọ̀ǹpútà náà bá sì wà lórí èyí tí wọ́n ń pè ní C, -m fúnra rẹ̀ yóò padà sí báìtì. Ọ̀rọ̀ kan, òṣùwọ̀n mẹ́ta, mẹ́rin.

Kí ló wá dé tí wọ́n fi ń pe àṣàyàn tó ń ka báìtì ní c? Lẹ́tà tó bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì náà character ni. Ìlànà POSIX, tó ń sọ bí àwọn irinṣẹ́ wọ̀nyí ṣe gbọ́dọ̀ máa ṣiṣẹ́, kò fi èyí pa mọ́. Ó ṣàlàyé pé láti ìgbà tí àwọn èèyàn rò pé báìtì kan àti lẹ́tà kan jẹ́ ohun kan náà ni orúkọ yẹn ti wá, àti pé ìgbà mìíràn wà tí ìrònú yẹn kì í tọ̀nà. Wọn kò gba -c lọ́wọ́ ẹni tó ti ń lò ó. Wọ́n fi -m kún un fún àwọn èdè tí lẹ́tà wọn ń gbà ju báìtì kan lọ, wọ́n sì kọ ọ́ síwèé pé báìtì ni -c ń kà. Ẹ fi èyí sọ́kàn, torí òun ló parí ìjà èmi àti ọ̀rẹ́ mi.

Àwọ̀n tó sọnù

Ilé wa wà ní Ìkòròdú, Ẹ̀pẹ́ ni mo ti ń kàwé. Iṣẹ́ ẹgbẹ́ kan tí wọ́n fún wa ní kíláàsì ni pé kí a ṣa ọ̀rọ̀ àwọn apẹja àti àwọn tó ń ta ẹja, kí a tẹ̀ ẹ́, kí a sì wo àwọn ọ̀rọ̀ tó ń jẹyọ jù. A lọ sí ọjà ẹja Olúwo, a lọ sí èbúté. A gba ọ̀rọ̀ nípa ọkọ̀, àjẹ̀ tí wọ́n fi ń wà á, àwọ̀n, ìgèrè, ẹja àrọ̀, ẹpìyà, àti bí ọ̀sà ṣe máa ń rí nígbà òjò àti nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Lára àwọn tó bá wa sọ̀rọ̀, a rí ọmọ Ìjẹ̀bú Ẹ̀pẹ́, a sì rí ọmọ Èkó Ẹ̀pẹ́, ìyẹn ìran àwọn tó tẹ̀lé Ọba Kòsọ́kọ́ wá síbẹ̀ lẹ́yìn tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì fi ìbọn ńlá lé e kúrò ní Èkó ní December 1851. Ọ̀rọ̀ wọn kò fi gbogbo ara dọ́gba. Ìyàtọ̀ yẹn gan-an la fẹ́ rí.

Irinṣẹ́ tí ẹgbẹ́ wa gbà láti orí íntánẹ́ẹ̀tì láti bá wa ka ọ̀rọ̀ jẹ́ kékeré, ọ̀fẹ́ sì ni. N kò ní dárúkọ rẹ̀. Gbogbo ìwé àlàyé rẹ̀ kò ju ìlà mẹ́ta lọ. Bí mo bá sọ ọ́ ní Yorùbá, ohun tó wà níbẹ̀ nìyí:

--letters   ka lẹ́tà
--freq      to ọ̀rọ̀ bí wọ́n ṣe pọ̀ sí
--plain     mú àmì kúrò

Ẹ wo ti ìkẹta yẹn. Mú àmì kúrò. Àmì wo? Lójú akẹ́kọ̀ọ́ Yorùbá, àmì ohùn ni: dò, re, mí. Lójú ẹni tó kọ irinṣẹ́ náà, gbogbo ohun tó bá wà lórí lẹ́tà àti lábẹ́ rẹ̀ ni. Irinṣẹ́ náà ń tú lẹ́tà kọ̀ọ̀kan palẹ̀, ó ń ju gbogbo àmì nù, ó ń fi egungun lẹ́tà sílẹ̀. Fún èdè Faransé, ẹni tó bá ka ohun tó kù yóò ṣì mọ ohun tí wọ́n ń sọ. Fún Yorùbá, ilé ti wó.

Nígbà tí èsì --plain pẹ̀lú --freq jáde, «awon» ló wà lókè pátápátá. Kò yani lẹ́nu, «àwọn» kì í sinmi lẹ́nu Yorùbá. Ibo wá ni àwọ̀n wà? Àwọ̀n tí gbogbo apẹja ń dárúkọ ní gbogbo ìgbà, kò sí níbì kankan, torí ó ti wọ inú «àwọn» lọ. «Aje» náà pọ̀. Àmọ́ èwo nínú wọn ni àjẹ̀ tí a fi ń wakọ̀, èwo ni ajé tí gbogbo wa ń wá, èwo ni àjẹ́? «Oko» tún wà níbẹ̀ bí ẹni pé àgbẹ̀ la lọ bá lóko, nígbà tó jẹ́ pé orí omi làwọn tó sọ ọ́ wà.

Mo ka díẹ̀ nínú rẹ̀ sí etígbọ̀ọ́ màmá kan tó ń ta ẹja yíyan, tó wà lára àwọn tó bá wa sọ̀rọ̀. Mo ṣàlàyé fún un pé kọ̀ǹpútà ti da àjẹ̀ pọ̀ mọ́ àjẹ́. Màmá rẹ́rìn-ín títí omi bọ́ lójú rẹ̀. Ó ní, «Ọmọ mi, àjẹ̀ ni bàbá rẹ fi tọ́ àwọn ọmọ wa dàgbà o. Lọ sọ fún un kó yọ orúkọ bàbá rẹ kúrò níbẹ̀.» Bàbá mi tó ń pè yẹn, ọkọ rẹ̀ ni.

Ó fi ẹ̀rín sọ ọ́, àmọ́ ọ̀rọ̀ náà wọ̀ mí lára. Ó ṣe tán, a tọ àwọn èèyàn yìí lọ, wọ́n fi iṣẹ́ sílẹ̀ dá wa lóhùn, a sì ṣèlérí fún wọn pé a ó tọ́jú ọ̀rọ̀ wọn. Fáìlì àkọ́kọ́ ṣì wà pẹ̀lú wa, ọpẹ́ ni. Bó bá jẹ́ èsì yìí nìkan ló kù lọ́jọ́ iwájú, kò sí ọgbọ́n tí ẹnikẹ́ni lè ta láti fi dá àwọ̀n padà sínú omi.

Ìjà èmi àti ọ̀rẹ́ mi

Ọ̀rẹ́ mi kan ń kọ́ ìmọ̀ kọ̀ǹpútà ní Lagos State University of Science and Technology ní Ìkòròdú, ilé-ẹ̀kọ́ tí ọ̀pọ̀ èèyàn ṣì ń pè ní Poly bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó ti di yunifásítì láti 2022. Nígbà tí mo lọ sílé lópin ọ̀sẹ̀, mo gbé ẹjọ́ náà lọ bá a. Mo ní kó bá mi tún --plain ṣe, kó má fọwọ́ kan àmì abẹ́ mọ́.

Ó ní rárá.

Mo ní kí ló dé.

Ó ní, «Ṣé o mọ iye èèyàn tó ń lò ó báyìí? Ẹlòmíràn ń fi ṣe orúkọ fáìlì tí kò gbọdọ̀ ní àmì kankan. Bí o bá yí i padà lónìí, o ti ba iṣẹ́ ẹni ẹlẹ́ni jẹ́ lọ́la. Irinṣẹ́ náà ń ṣe ohun kan. Àlàyé rẹ̀ ni kò sọ ohun tó ń ṣe.»

Èmi kò fẹ́ gbọ́. Lójú tèmi, bí ẹni ń sọ fún mi pé kí n lẹ ìwé mọ́ ara kóńgò tó ti jin nínú, kí n kọ ọ́ síbẹ̀ pé ó jin, kí n sì máa fi wọn gàrí lọ. Mo sọ bẹ́ẹ̀ fún un. Ó ní ní ọjà Sábó, bí kóńgò méjì bá wà, kékeré àti ńlá, tí oníbàárà sì mọ èyí tí wọ́n fi wọn tirẹ̀ àti iye tó jẹ́, ta ló rẹ́ ẹ jẹ? Ìrẹ́jẹ bẹ̀rẹ̀ nígbà tí a bá pe kékeré ní ńlá.

Ibẹ̀ ni -c àti -m ti wọlé. Òun ló fi ojú ìwé wc hàn mí, tó sì ka ìtàn tí mo sọ lókè yẹn fún mi. Wọ́n kò fọwọ́ kan iṣẹ́ -c. Wọ́n sọ òtítọ́ nípa rẹ̀, wọ́n sì fi èyí tí àwọn èèyàn ń wá gan-an kún un. A fẹnu kò sí i pé bẹ́ẹ̀ náà la ó ṣe: àlàyé tó yéni yékéyéké fún --plain, àti àṣàyàn tuntun, --no-tone, tí yóò mú àmì ohùn nìkan kúrò tí yóò fi àmì abẹ́ sílẹ̀.

Àlàyé tuntun tí a kọ fún --plain, tí mo yí sí Yorùbá níbí, lọ báyìí: «Ó ń mú gbogbo àmì kúrò, tòkè tìsàlẹ̀. Nínú Yorùbá, ọ̀rọ̀ tí ìtúmọ̀ wọn yàtọ̀ lè di ọ̀kan náà, a kò sì lè dá wọn padà. Ẹ má fi èsì rẹ̀ rọ́pò fáìlì àkọ́kọ́.» Gbólóhùn mẹ́ta péré. Ọ̀sán kan gbáko la fi kọ wọ́n.

Ìdánwò ni ẹlẹ́rìí

Àlàyé nìkan kò tó. Ẹnikẹ́ni lè ṣí kóòdù lọ́dún tó ń bọ̀, kó yí nǹkan padà, kí ìwé àlàyé sì máa sọ ohun tí kò sí mọ́. Ohun tí ìdánwò wà fún nìyẹn. Nínú iṣẹ́ kọ̀ǹpútà, ìdánwò kò ju èyí lọ: o kọ ohun tí o máa fún irinṣẹ́, o kọ ohun tó yẹ kó fún ọ padà, ẹ̀rọ á sì máa fi méjèèjì wéra nígbàkígbà tí ẹnìkan bá fọwọ́ kan kóòdù. Bí wọn kò bá bára mu, á figbe ta.

Iṣẹ́ yìí ló bọ́ sí mi lọ́wọ́. Ọ̀rẹ́ mi mọ kóòdù. Àmọ́ nígbà tó ní kí n mú àpẹẹrẹ wá, ẹ̀kọ́ Yorùbá tí mo ń kọ́ ló gbé mi dìde. Díẹ̀ nínú wọn nìyí:

--plain     ọkọ̀  →  oko
--no-tone   ọkọ̀  →  ọkọ
--plain     ṣé   →  se
--no-tone   ṣé   →  ṣe
--plain     àjẹ̀  →  aje
--no-tone   àjẹ̀  →  ajẹ
--plain     Kòsọ́kọ́  →  Kosoko
--no-tone   Kòsọ́kọ́  →  Kosọkọ

Mo fi orúkọ ọba síbẹ̀ tìdítìdí. Orúkọ àbíkú ni Kòsọ́kọ́: kò sí ọkọ́ tí a ó fi gbẹ́ ilẹ̀ sin ọ́, nítorí náà dúró. «Kosoko» lè túmọ̀ sí pé kò sí oko. «Kosọkọ» ti lé oko lọ, àmọ́ kò tíì sọ fún wa bóyá ọkọ́, ọkọ tàbí ọkọ̀ ni kò sí. Ìyẹn ni pé --no-tone pàápàá ń jẹ nínú ìtúmọ̀, a sì kọ ìyẹn náà sínú àlàyé rẹ̀. Ó sàn ju --plain lọ ni, kì í ṣe pé ó pé. Àwọ̀n àti àwọn ṣì jọ ń di «awọn» níbẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ ka àwọ̀n ní àkàyé, kó má mú àmì kankan kúrò.

Ìdánwò kan tún wà tí ọ̀rẹ́ mi kò mọ̀ pé ó yẹ kó wà. A lè kọ ọ́ sínú kọ̀ǹpútà ní ọ̀nà mẹ́rin: ọ tó ti ní àmì abẹ́, lẹ́yìn náà àmì ohùn, ó tó ti ní àmì ohùn, lẹ́yìn náà àmì abẹ́, o lásán, àmì abẹ́, àmì ohùn, o lásán, àmì ohùn, àmì abẹ́. Lójú wa, ọ̀kan náà ni wọ́n. Unicode náà ní ọ̀kan náà ni wọ́n. Àmọ́ grep, irinṣẹ́ tí a fi ń wá ọ̀rọ̀ nínú fáìlì, kò ní bá wa so wọ́n pọ̀. Bí ẹnìkan bá fi fóònù tẹ «ọkọ́», tí ẹlòmíràn fi kọ̀ǹpútà tẹ̀ ẹ́, o lè wá a kó ní kò sí níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ o ń fi ojú rí i. Ìdánwò wa fún irinṣẹ́ náà ní ọ́ ní ọ̀nà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ó sì béèrè pé kí èsì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin jẹ́ ọ̀kan. Nígbà tí a kọ́kọ́ ṣe é, kò rí bẹ́ẹ̀. Ó ti rí bẹ́ẹ̀ báyìí.

Bí ẹ bá rò ó, iṣẹ́ tí a mọ̀ ni. Àkọtọ́ tí ìjọba fọwọ́ sí ní 1974 jẹ́ ìwé àlàyé, ó sì ní ìdánwò nínú: òfin wà, àpẹẹrẹ wà lábẹ́ rẹ̀. Ayé ni kí a kọ, kì í ṣe aiye. Ènìyàn ni, kì í ṣe enia. Wọn kò sì lọ yọ t kan kúrò lára Ebute Metta tó ti wà lára pátákó. Orúkọ tí èèyàn ti mọ̀ dúró síbẹ̀, bí -c ṣe dúró. Ẹni tó ti jókòó ka àkọtọ́ délẹ̀ kò yẹ kó bẹ̀rù ìwé àlàyé irinṣẹ́ kankan. Òdú kì í ṣe àìmọ̀ fún olóko.

Ohun tí mo rí kọ́

Ẹ má rò pé irinṣẹ́ tó níyì gbọ́dọ̀ pé. Ẹ wo tr, tó ń fi lẹ́tà kan rọ́pò òmíràn. Ìwé àlàyé GNU sọ ọ́ kedere pé lẹ́tà oníbáìtì kan ló ń bójú tó dáadáa. Cut náà ní -c tirẹ̀ tó yẹ kó máa gé lẹ́tà, ìwé rẹ̀ sì fi ọ̀pọ̀ ọdún sọ pé ohun kan náà ló ṣì jẹ́ pẹ̀lú -b, tó ń gé báìtì. Ẹni tó kà á kò ní fi gé Yorùbá. Ẹni tó sọ ibi tí agbára rẹ̀ mọ fún ọ ti ràn ọ́ lọ́wọ́ ju ẹni tó dákẹ́ lọ.

Nítorí náà, bí ẹ bá bá irinṣẹ́ pàdé tí àlàyé rẹ̀ ní «ka lẹ́tà» tàbí «mú àmì kúrò», ẹ béèrè: lẹ́tà wo, àmì wo? Ẹ fún un ní ọ̀rọ̀ Yorùbá mẹ́ta, kí ẹ wo ohun tó máa ṣe, kí ẹ kọ ohun tí ẹ rí ránṣẹ́ sí ẹni tó ni ín. Kò pọn dandan kí ẹ mọ kóòdù kọ. Ẹni tó ni irinṣẹ́ tiwa kò gbọ́ Yorùbá rárá, ó gba àlàyé wa, ó gba àwọn ìdánwò náà, ó sì dúpẹ́. Lóòótọ́ ló wà nínú ìdáhùn rẹ̀ pé àwọn kan ń fi --plain ṣe orúkọ fáìlì. Ọ̀rẹ́ mi kò jẹ́ kí n gbádùn lọ́jọ́ náà.

Èyí tó kù ni --letters. Lẹ́tà márùn-dín-lọ́gbọ̀n ni Yorùbá ní, gb sì jẹ́ ọ̀kan nínú wọn. Àgbàdo ní lẹ́tà márùn-ún lójú wa, irinṣẹ́ náà ní mẹ́fà. Mo ní ó rọrùn: níbi tí g àti b bá ti pàdé nínú Yorùbá, gb ni. Ọ̀rẹ́ mi ní kí n wá ka «rugby» fún òun bó bá wà láàárín gbólóhùn Yorùbá. N kò tíì rí èsì fún un. Bí ẹ bá ní ọ̀rọ̀ tó lè da irinṣẹ́ yìí láàmú, ẹ kọ ọ́ ránṣẹ́ sí wa, pẹ̀lú iye lẹ́tà tí ẹ̀yin kà nínú rẹ̀. A ó fi í sínú ìdánwò.